Oògùn ìrora ti kúrò lára mi, kí ló wá dé tí nǹkan kan ò dùn mọ́ mi mọ́?

BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ÀǸTÍ NỌ́Ọ̀SÌ

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo. Ọkadà ló gbé mi ṣubú lọ́nà Ìtòìkín lọ́dún tó kọjá, itan mi dá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fi irin sí i, dókítà wá kọ tramadol fún mi pé kí n máa lò ó tí ìrora bá dé. Ìrora yẹn ò lọ bọ̀rọ̀ o àǹtí mi, tí èyí tí dókítà kọ bá ti tán màá rán ọmọ lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á tà á fún un, báyìí báyìí ó lé ní oṣù méje tí mo fi ń gbé e mì láàárọ̀ lálẹ́. Àárín ìgbà yẹn náà ni bàbá mi kú, omi ò jáde lójú mi, gbogbo ẹbí ń yìn mí pé obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Ìgbà tó yá mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tramadol lórí rédíò, àyà mi já, mo da gbogbo èyí tó kù sí ṣáláńgá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Yéè! Ojú mi rí nǹkan lọ́sẹ̀ yẹn, òógùn, ìgbẹ́ gbuuru, imú tó ń ṣàn, ẹsẹ̀ tó ń ta lóru, mi ò sùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ti lọ, ó ti tó oṣù méjì báyìí.

Èyí tó kù yìí ni mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Nǹkan kan ò dùn mọ́ mi. Àkọ́bí mi ṣe wòlímọ̀, àwọn èèyàn ń jó, wọ́n ń náwó, mo jókòó gbagidi, eyín lásán ni mò ń fi hàn wọ́n. Àwọn ìbejì á wá dì mọ́ mi, màá kàn máa wò wọ́n. Ọkọ mi ní mo ti di àjèjì sí òun, ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe mí, àwọn kan ń sọ lẹ́yìn mi pé mo ti di ajoògùnyó. Ìgbà míì ẹkún á kàn gbọ̀n mí níbi tí mo ti ń ha ìpẹ́ ẹja, mi ò ní mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ṣé oògùn yìí ti ba ọpọlọ mi jẹ́ ni? Àbí ṣé mi ò lè lo ẹyọ kan péré, kí n rí ara gbé lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi tó ń bọ̀? — Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú àfaradà. Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yín ni màá kọ́kọ́ dáhùn torí òun ló já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín: rárá, ẹ ò gbọdọ̀ lo ẹyọ kan péré yẹn. Ara yín ti gbàgbé tramadol. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń gbé mì nígbà yẹn tẹ́ ẹ sì ń dìde lọ sọ́jà, tẹ́ ẹ bá gbé e mì lónìí ó lè mú kí èémí yín máa falẹ̀ títí táá fi dúró, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi ọtí tàbí oògùn oorun kún un. Ìgbà téèyàn ti jáwọ́ tó wá padà sí i yìí wà lára ìgbà tí irú oògùn yìí ń pààyàn jù. Tramadol tún lè fa gìrì fún àgbàlagbà, ẹni tí ò ní wárápá rí á ṣubú lulẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ ò tiẹ̀ wá mọ èyí tí wọ́n máa tà fún yín, NAFDAC ò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 mílígíráàmù lọ, síbẹ̀ 200 àti 225 ni wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ìgbéyàwó yẹn tẹ́ ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ jẹ oúnjẹ yín, tẹ́ ẹ sì tètè padà sílé, ìyàwó á ṣì gbélé ọkọ ẹ̀.

Èkejì, ẹ yé gba ọ̀rọ̀ ajoògùnyó tí wọ́n ń sọ yẹn sára. Dókítà ló kọ oògùn fún yín torí itan tó dá (èyí tẹ́ ẹ wá ń rà kún un ní kẹ́míìsì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ẹni tó ń ta tramadol fún ọmọdé láìrí ìwé dókítà ló yẹ kójú tì). Ara ẹnikẹ́ni tó bá lo irú oògùn yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ì báà jẹ́ àáfà, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ dókítà fúnra ẹ̀, ara á gbára lé e, tó bá sì dáwọ́ dúró lójijì ara á jà. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, tó ń lò ó lọ bó tilẹ̀ ń rí i pé ó ń ba ilé òun àti iṣẹ́ òun jẹ́. Onítọ̀hún náà aláìsàn ni o, ìtọ́jú ló nílò kì í ṣe èébú. Àmọ́ ẹni tó da tiẹ̀ sí ṣáláńgá fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó lé e, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n wá orúkọ míì sọ ọ́.

Oògùn yẹn ò ba ọpọlọ yín jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara wa ní oògùn ìrora tiẹ̀, endorphin ni wọ́n ń pè é, òun wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ara tù wá tá a bá rẹ́rìn-ín, tá a bá jẹ nǹkan aládùn, tí ọmọ bá dì mọ́ wa. Tramadol, codeine, DF118, morphine, pentazocine, oògùn ìrora líle ni gbogbo wọn, ibì kan náà tí endorphin ń lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ ni àwọn náà ń lẹ̀ mọ́. Tí tòde bá ti ń wọlé láàárọ̀ lálẹ́ fún oṣù méje, ọpọlọ á so ọwọ́ tiẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ti fi ẹ́ńjìnnì rin ọ̀sà fún odindi ọdún, lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnnì tó sì gbá àjẹ̀ mú, apá á ro ó, ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Apá ò rọ o, ó pẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ ni, tó bá ń wà á díẹ̀díẹ̀ agbára á padà.

Tramadol tún wá ní ìwà kejì tí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò ní. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 1977 ló bọ́ sọ́jà níbẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó ń pa ìrora ó tún máa ń jẹ́ kí serotonin àti noradrenaline, kẹ́míkà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, pọ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, bí àwọn oògùn kan tí wọ́n ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe ń ṣe. Torí ẹ̀ ni ẹni tó bá jáwọ́ nínú ẹ̀ lójijì fi dà bí ẹni tó jáwọ́ nínú oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òógùn àti ìgbẹ́ gbuuru nìkan kọ́, àyà jíjá náà, ìbẹ̀rù tí ò nídìí, ọwọ́ ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń rí nǹkan tí ẹlòmíì ò rí. Ọpọlọ tó pàdánù méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ wá ń retí pé kó bọ́ sójú agbo kó máa jó níbi wòlímọ̀.

Àmọ́ ìlà kan wà nínú lẹ́tà yín tẹ́ ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ẹ ní bàbá yín kú, omi ò jáde lójú yín, ẹbí ń yìn yín. Ìyá Ìbejì, oògùn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ibi tí ọpọlọ ti ń gbọ́ pé itan dá àti ibi tó ti ń gbọ́ pé bàbá kú, wọ́n wọnú ara wọn, oògùn tó bá pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́ á pa ìkejì náà lẹ́nu mọ́ dé àyè kan. Ó máa ń pa ìdùnnú náà lẹ́nu mọ́, kò mọ ìyàtọ̀. Ní báyìí tí oògùn ti lọ, ọ̀fọ̀ yín wá dé, ó sì dé lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ṣe fìdáù tán, tí wọ́n ti dá àga oníàga padà, tí kò sí ẹni tó tún ń yà wọlé kí yín pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹkún tó ń gbọ̀n yín níbi tẹ́ ẹ ti ń ha ìpẹ́ ẹja yẹn, lójú tèmi o, ẹkún bàbá yín wà nínú ẹ̀. Ẹ sun ún. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn àbúrò yín, ẹ lọ sójú oórì bàbá, ẹ jókòó, ẹ sọ̀rọ̀ wọn, bí wọ́n ṣe máa ń pe orúkọ yín, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, ọjọ́ tí wọ́n bínú sí yín tẹ́ ẹ rò pé ó ti parí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ṣé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sunkún, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ìsinsìnyí ni. Èmi inú mi tiẹ̀ dùn pé ẹ ń sunkún, torí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti kú tán kì í sunkún. Ẹ̀yin ẹbí tẹ́ ẹ sì máa ń yin ẹni tí omi ò bọ́ lójú ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ máa kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń lò.

Ṣé ó máa lọ? Ó máa lọ. Fún oògùn tí kì í pẹ́ lára, ìjà àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 8 sí 24 lẹ́yìn èyí téèyàn lò kẹ́yìn, ó sì máa ń gbà tó ọjọ́ 4 sí 10, ẹ ti la ìyẹn kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ọkàn, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní ó lè tó oṣù 6: ara tí ò yá, oorun tó ń ṣe ségesège, ọkàn tó ń fà sí oògùn. Kì í lọ tààrà o, ẹ ó rí ọjọ́ mẹ́ta tí ara tù yín, ẹ ó ti máa dúpẹ́, ọjọ́ kẹrin á tún rì yín mọ́lẹ̀, ẹ má rò pé ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àárín ọjọ́ burúkú kan sí òmíràn á kàn máa gùn sí i ni.

Kí lẹ máa ṣe kó tó lọ? Ẹ má dúró dìgbà tó bá wù yín kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan, torí ohun tó ń jẹ́ kó wuni gan-an ló ṣì ń tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹ ṣe é láìwù yín. Ẹ lọ sọ́jà, bó jẹ́ wákàtí méjì, ẹ ta ẹja tẹ́ ẹ lè tà, ẹ padà sílé. Tí Táíwò bá dì mọ́ yín ẹ di òun náà mọ́ra, ẹ má tètè fi í sílẹ̀, kódà tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan lára, ọmọ gbọ́ ọ ní tiẹ̀, ara tiyín náà ń kọ́ ọ padà. Ẹ máa rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, bí itan bá ṣe gbà yín láyè mọ, ìrìn wà lára ohun tó ń ta endorphin jí. Ẹ máa jí ní àsìkò kan náà bẹ́ ẹ ò tilẹ̀ sùn dáadáa lóru, ẹ fi kófì àti àwọn ọtí inú agolo tó ń lé oorun lọ yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Kẹ́ ẹ sì wá ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo tó, tẹ́ ẹ lè pè lágogo méjì òru tí ọkàn yín bá ń fà sí oògùn, torí ìfà yẹn kì í pẹ́ púpọ̀ kó tó rọlẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ní ti itan, ẹni tó bá lo oògùn yìí pẹ́, ara ẹ̀ lè máa gbọ́ ìrora ju bó ṣe yẹ lọ fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe pé irin ti yẹ̀ ni dandan. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn dókítà eegun, ẹ ní kí wọ́n kọ físíò fún yín. Paracetamol tẹ́ ẹ bá ń lò fún ìrora, ẹ má lò ju ẹyọ 8 lọ nínú ọjọ́ kan, èyí tó jẹ́ 500 mílígíráàmù yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù tẹ́ ẹ fi ẹnu fọ́n, mo gbọ́ yín. Oògùn yìí máa ń fa àwọn họ́mọ́ọ̀nù ìbálòpọ̀ wálẹ̀ lára tọkùnrin tobìnrin, nǹkan oṣù obìnrin tiẹ̀ lè dáwọ́ dúró, ó máa ń padà bọ̀ sípò tó bá yá. Ẹ ṣàlàyé fún Bàbá Ìbejì, ẹ ka ibí yìí sí wọn létí tẹ́ ẹ bá fẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn lẹ ò fẹ́ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n kàn máa jókòó tì yín láìbéèrè nǹkan kan. Ìyá ọkọ yín ní ayé ni, kí wọ́n máa bá yín gbàdúrà, àdúrà ò bàjẹ́ ní tiwa, àmọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mu, ẹ má mu ún.

Tó bá wá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ọkàn yín ń rẹ̀wẹ̀sì tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ọjọ́ kan tó dáa láàárín, tẹ́ ẹ ò jẹun, tẹ́ ẹ ò lè tọ́jú àwọn ọmọ, ẹ lọ sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ kẹ́ ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tramadol lẹ lò, torí àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan wà tí ò gbọdọ̀ pàdé tramadol nínú ara. Wọ́n lè kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Yábàá, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábàá lé yín sá, láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ tí wọ́n ń padà síbi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì pọ̀ lọ súà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ń rò ó pé ó sàn kẹ́ ẹ kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún ọkọ yín kó gbé yín lọ, ẹ má sùn lé e lórí. NDLEA ní nọ́ḿbà ọ̀fẹ́ kan fún ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ oògùn, tọ̀sán tòru ni, 0800 1020 3040.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí tẹ́ ẹ ṣì ń lo oògùn ìrora lójoojúmọ́, ẹ má ṣe é bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣe é o, ẹ má dà á sí ṣáláńgá. Ní oṣù April ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé dídáwọ́ dúró lójijì ti fa ìrora ńlá àti ìdààmú ọkàn fún àwọn èèyàn, ó mú kí àwọn kan gbẹ̀mí ara wọn. Ẹ̀ẹ́ dín in kù ni, pẹ̀lú dókítà. Ìlànà tí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àìsàn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2022 ní ẹni tó ti lò ó tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá lóṣù, ó sì lè sinmi lójú ibi tó bá le.

Ìbéèrè: Àǹtí, Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo wà. DF118 ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lò fún ẹ̀yìn, dókítà ti bá wọn dín in kù títí ó fi tán. Láti ìgbà yẹn wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn, wọn ò gbé fóònù, wọ́n ń kanra mọ́ gbogbo wa. Mọ́mì wa ti ń sọ̀rọ̀ ilé àdúrà kan tí wọ́n ti ń so wọ́n mọ́lẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — Àbúrò

Èsì: Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n mú un lọ síbẹ̀ o! Ẹni tó ń kanra tí ò sì fẹ́ rí èèyàn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni oògùn ẹ̀? Ọdún 2019 ni Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tú àṣírí irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, oṣù January 2023 sì ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó ní kí wọ́n máa tọ́jú irú wọn bí èèyàn. Bá mọ́mì sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́, sọ fún wọn pé àìsàn tó ń lọ ni.

Ìwọ, má máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láràárọ̀ bi í pé kí ló ń ṣe é, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wọlé, jókòó, ẹ jọ jẹ ẹ́, tí kò bá sọ̀rọ̀ kí ìwọ náà má sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ní kó sìn ẹ́ dé Ẹbútẹ̀ lọ wo ọkọ̀ ojú omi, tó bá kọ̀ bi í lọ́jọ́ kẹta. Ìkanra yẹn, má gbà á sára, má sì jẹ́ kó di ìjà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú tàbí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù ẹ̀ fún èèyàn, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ìkejì, tó o bá bá a tó ń sùn tí kò jí nígbà tó o mì í, tí èémí ẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ètè ẹ̀ dúdú, tí ọmọ ojú ẹ̀ kéré tínńtín, ó ti padà sí oògùn nìyẹn: yí i kó fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn, má fún un ní omi tàbí epo pupa mu, ẹ sáré gbé e lọ, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone tó máa ń dá èémí irú wọn padà tí wọ́n bá tètè dé.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ṣé àgbo jẹ̀dí lè fọ tramadol kúrò nínú ẹ̀jẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n máa mu ún. — Àgbádárìgì

Èsì: Kò sí ohun tó fẹ́ fọ̀. Tramadol lásán, láàárín wákàtí 6 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ẹ̀ ti ń kúrò lára, tó bá fi máa tó bí ọjọ́ méjì, èyí tó pọ̀ jù ti bá ìtọ̀ lọ tí kíndìnrín yín bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ lára lẹ́yìn ìyẹn, ọpọlọ ni, àgbo ò dé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú jẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ wá jáwọ́ nínú tramadol kẹ́ ẹ bọ́ sí ògógóró, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé mo kí i.